Camry 2009 tó ní JBL àti máàpù orí DVD: kí ni kí n mọ̀ kí n tó pààrọ̀ rédíò rẹ̀?

Ọlọ́kọ̀09

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Camry 2009 ni ọkọ̀ yìí, èyí tí rédíò olójú, ẹ̀rọ ohùn JBL àti máàpù bá a wá láti ilé iṣẹ́. Orí DVD ni máàpù náà wà, ọ̀nà tuntun kankan kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni ojú ńlá tó máa gba CarPlay (ti iPhone) àti Android Auto (ti fóònù Android), tí kámẹ́rà ẹ̀yìn á sì wà lórí rẹ̀.

Ṣé JBL á ṣì máa dún bí mo bá yọ rédíò àtijọ́ kúrò? Àwọn bọ́tìnì orí sítíárìn ńkọ́? Irú ojú wo ló yẹ kí n rà, èyí tí wọ́n kọ Android sí ni àbí èyí tó kàn ń gba fóònù? Fúnra mi ni mo fẹ́ tú u. Mo ní mítà, mo sì mọ̀ ọ́n lò.

Ríwáyà Àgbà

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Áńpù ló máa ń dá irú iṣẹ́ yìí rú, kì í ṣe ojú rédíò. Nínú Camry tí kò ní JBL, inú rédíò gan-an ni agbára tó ń ti sípíkà ti ń jáde: wáyà mẹ́jọ, méjì méjì fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tó ní JBL, ohùn kékeré ni rédíò ń fi ránṣẹ́ sí áńpù tó wà níbòmíì nínú ọkọ̀. Áńpù yẹn ló ń sọ ọ́ di ńlá, tó sì ń pín in kiri. Ẹni tó bá mú wáyà sípíkà rédíò tuntun, tó tì í bọ ẹnu áńpù náà ní tààràtà, ọ̀kan nínú méjì ló máa bá pàdé. Ó lè má dún rárá, torí kò sí ohun tó jí áńpù. Ó sì lè dún, àmọ́ kó máa fọ́ ní kété tí ẹ bá gbé e sókè díẹ̀, kó tún máa hó ṣìì nígbà tí orin bá dákẹ́.

Èyí tó mọ́ jù ni kí ẹ ra wáyà ìsopọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún Toyota tó ní JBL, kì í ṣe ti Toyota lásán. Ihò RCA tó wà lẹ́yìn rédíò tuntun, ibi tí ohùn kékeré ti ń jáde, ni ẹ máa fi bọ́ áńpù. Ẹ wo iye V tí RCA náà ń gbé jáde nínú ìwé rẹ̀. 2 V wọ́pọ̀, 4 V sàn jù, torí bí ohùn bá ti lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnì kì í rí àyè borí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Wáyà búlúù tó ní ìlà funfun ló ń jí áńpù. 12 V máa ń wà lórí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí rédíò bá wà ní títàn. Ẹ má ṣì í mú fún búlúù tí kò nílà. Ti áńtẹ́nà nìyẹn, ọ̀pọ̀ rédíò ló sì ń pa á tí ẹ bá ti kúrò lórí FM. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ pé FM ń dún ṣùgbọ́n Bluetooth ò dún ti sábà máa ń wá.

Bí ẹ bá pinnu láti yọ áńpù JBL dànù pátápátá, ẹ máa fa wáyà tuntun láti ẹ̀yìn rédíò dé ibi tí áńpù wà, kí ẹ sì so ó mọ́ àwọn wáyà tó ti ibẹ̀ lọ sí sípíkà. Ẹ fi mítà wọn sípíkà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ṣe é. Sípíkà 4 ohm (ìwọ̀n ìdènà iná rẹ̀ nìyẹn) máa ń fi nǹkan bí 3.2 sí 3.8 hàn lórí mítà. Bí ó bá fi 2 hàn, tàbí ohun tó dín sí i, ẹ má so ó mọ́ rédíò. Á gbóná, á máa kú fúnra rẹ̀ láàárín orin, nígbẹ̀yìn á jó. 50 W lọ́nà mẹ́rin tí wọ́n kọ sí páálí rẹ̀ yẹn, ẹ má kà á sí. Èyí tí rédíò lè gbé láìsinmi kì í sábà ju 15 sí 22 W lọ fún sípíkà kan.

Ó ku ti ihò. Ihò rédíò Toyota fẹ̀ ní 200 mm, ó ga ní 100 mm. Rédíò double DIN, ìwọ̀n tí wọ́n ń tà káàkiri, fẹ̀ ní 180 mm, ó ga ní 100 mm, nítorí náà àlàfo 10 mm á kù lọ́tùn-ún àti lósì, férémù ló sì ń dí i. Ojú ínṣì 9 tàbí 10 kò lè wọ inú ihò yẹn rárá, iwájú rẹ̀ ló ń dúró. Férémù tí wọ́n ṣe fún Camry 2007 sí 2011 ni ẹ máa béèrè. Ẹ fi férémù náà wé dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ òfo kí ẹ tó gé wáyà kankan.

Atọ́nà

Ọ̀gá ti sọ ti ohùn. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ojú àti máàpù.

Android àti Android Auto kì í ṣe ohun kan náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra ohun tí wọn kò fẹ́. Rédíò tó ń lo Android jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kàn mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: ó ní RAM tirẹ̀, áàpù tirẹ̀, ó sì ń wá íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Android Auto àti CarPlay yàtọ̀. Fóònù ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ojú rédíò kàn ń gbé e jáde ni. CarPlay dé lọ́dún 2014, Android Auto lọ́dún 2015, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè bá èyíkéyìí nínú wọn nínú rédíò tó bá ọkọ̀ 2009 wá.

Lójú tèmi, èyí tó ń gba fóònù ló tọ́ sí ọkọ̀ àgbà. Máàpù inú fóònù yín kò ní di àtijọ́, rédíò náà sì máa ń tàn kíá. Bí ẹ bá fẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì dandan, ẹ má ra èyí tí RAM rẹ̀ kéré sí 4 GB, kí ẹ má sì gba nọ́ńbà tó wà lójú ètò rẹ̀ gbọ́. Àwọn kan máa ń kọ Android tuntun síbẹ̀ nígbà tí èyí tó wà nínú rẹ̀ ti darúgbó. Ẹ gbé áàpù CPU-Z sí i, ó lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn yín. Fún Android Auto láìlo wáyà, Wi-Fi 5 GHz ni rédíò náà gbọ́dọ̀ ní.

Áńtẹ́nà GPS ni ẹ má fojú kéré. Páálí dúdú kékeré tó ní mágínẹ́ẹ̀tì ni, wáyà rẹ̀ sábà máa ń gùn tó mítà 3. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ sí ojú ọ̀run. Ó lè wà lábẹ́ ike dáṣíbọ́ọ̀dù, ike kì í dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n irin máa ń dí i pátápátá. Abẹ́ rẹ̀ lẹ lè fi irin pẹlẹbẹ sí, ìyẹn tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Gíláàsì iwájú tó ní èròjà irin láti fi lé ooru máa ń pa á lójú. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọn kò fi èròjà náà sí lára gíláàsì, lẹ́bàá dígí àárín lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má fi í sítòsí kámẹ́rà tó ń ya ojú ọ̀nà. Ariwo iná inú kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú lè bo GPS mọ́lẹ̀ débi pé sátẹ́láìtì kankan kò ní hàn. Mẹ́rin ló kéré jù tí ẹ nílò kí rédíò tó mọ ibi tí ẹ wà dáadáa.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ gbé ọkọ̀ jáde síbi gbalasa, ẹ tàn án, kí ẹ fi í sílẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo sátẹ́láìtì ń gba ìṣẹ́jú 12 àbọ̀ kó tó wọlé tán. Ẹni tó ń dán an wò nínú gáréèjì, tó wá ní GPS ti bàjẹ́, kò tíì fún un láyè ni.

Ohun kan wà tí ẹ máa pàdánù. Rédíò ilé iṣẹ́ máa ń gba ìròyìn eré láti ara ọkọ̀, ó sì ní ohun tó ń mọ ìgbà tí ọkọ̀ yí, nítorí náà ó ń bá yín lọ nínú ihò abẹ́ òkè tí sátẹ́láìtì ò dé. Ọ̀pọ̀ rédíò tí ẹ máa rà kò ní èyí. Bí tiyín bá ní wáyà píńkì fún eré ọkọ̀, ẹ so ó, ẹ má ká a síbẹ̀.

Tí ẹ kò bá fẹ́ gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì, Organic Maps àti OsmAnd ń gbé máàpù odindi orílẹ̀-èdè sínú fóònù. Orí OpenStreetMap ni àwọn méjèèjì dúró. Ti Google Maps náà ṣeé gbé sílẹ̀, àmọ́ ó máa ń parẹ́ bí ó bá pẹ́ tí ẹ kò sọ ọ́ di tuntun.

Fún àwọn tó fẹ́ tọ́jú máàpù àtijọ́ wọn: bí ọjọ́ bá ṣàdédé padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ogún ọdún, ẹ má tú rédíò. GPS àtijọ́ ń ka ọ̀sẹ̀ dé 1024 ni, á wá bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2019. Àwọn rédíò míì ní ìgbà tiwọn, ó dọwọ́ bí wọ́n ṣe kọ wọ́n. Ọjọ́ àti aago lè dàrú kí ibi tí ẹ wà ṣì tọ̀nà.

Akówáyàjọ

Èmi ò bá Atọ́nà jiyàn lórí ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábúlẹ́ẹ̀tì dára fún ẹni tí fóònù rẹ̀ ò lágbára. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ òdì, sípánà 10 mm ni. Ẹ dúró díẹ̀ kí iná airbag tán kí ẹ tó fọwọ́ kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Ike ni kí ẹ fi hú ike, ẹ má lo sikirudíráfà, torí ọgbẹ́ rẹ̀ kì í parẹ́. Kílíìpù ló di àwọn férémù ẹ̀gbẹ́ mú. Ẹ fà wọ́n sí ara yín díẹ̀díẹ̀, ẹ má gbọn wọ́n. Bóòtì 10 mm mẹ́rin ló sábà máa ń di rédíò Toyota mú. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó yọ wáyà kan.

Lára wáyà Toyota, búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ni iná tí kì í kú, eérú ni ACC (iná tó ń wá nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀), búráùn ni ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń lọ sára irin ọkọ̀). Àmọ́ ẹ má gba àwọ̀ gbọ́, mítà ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ so bátìrì padà, ẹ fi orí dúdú mítà kan irin ara ọkọ̀. Èyí tó ní 12 V nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀ ni iná tí kì í kú. Èyí tó di 12 V nígbà tí ẹ bá yí i sí ACC nìkan ni ACC. Lẹ́yìn náà, ẹ tún bátìrì tú. Ní ti rédíò tuntun, yẹ́lò ni iná tí kì í kú, pupa ni ACC, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá pààrọ̀ yẹ́lò àti pupa, rédíò á máa gbàgbé ìkànnì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa ọkọ̀. Bí ẹ bá so méjèèjì pọ̀ mọ́ iná tí kì í kú, kò ní sùn láéláé.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín lórí ẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi wáyà dúdú kan síkúrù ike. Irin tí wọn kò kùn ní ọ̀dà ni, kí ẹ fi bóòtì dì í. Bí ẹ bá ní áńpù tuntun, ibì kan náà ni kí ẹ fi ẹ́ẹ̀tì rédíò àti ti áńpù sí. Bó bá jẹ́ pé àlàfo wà láàárín wọn, ẹ máa gbọ́ ariwo kan tó ń ké tẹ̀lé ẹ́ńjìnì: ẹ tẹ throttle, ó ga, ẹ fi sílẹ̀, ó wálẹ̀.

Wáyà òdì ti sípíkà kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì. Nínú rédíò òde òní, kò sí èyíkéyìí nínú wáyà sípíkà tó gbọ́dọ̀ kan ara ọkọ̀. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ inú rédíò jó nìyẹn. Ẹ lo kílíìpù tí wọ́n ń fún pọ̀ tàbí kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o, kí ẹ fi rọ́bà ooru bò ó. Téèpù nìkan máa ń yọ́ nígbà tí oòrùn bá ti gbóná dáṣíbọ́ọ̀dù.

Sítíárìn: ó ṣeé ṣe. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní ìdènà iná tirẹ̀, rédíò ń mọ ọ́n nípa iye tó kà. Lẹ́yìn rédíò tuntun ẹ máa rí Key 1, Key 2 àti ẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì kan, ẹ sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ẹ lọ sórí èyí tó kàn. Bí bọ́tìnì méjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ́ẹ̀tì sítíárìn ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe rédíò.

Kámẹ́rà: ẹ gba 12 V rẹ̀ láti ara iná rìfáàsì. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ pupa tó bá okùn fídíò rìn ni kí ẹ fi gbé iná yẹn wá sí wáyà rìfáàsì lẹ́yìn rédíò, kó lè mọ̀ pé ó tó àkókò láti fi ẹ̀yìn hàn yín. Wáyà hánbíréèkì, ẹ so ó síbi tó yẹ, ẹ má fi í kan ẹ́ẹ̀tì torí kí fídíò lè máa ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ má dá férémù padà títí ẹ ó fi dán gbogbo rẹ̀ wò: sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, FM, Bluetooth, rìfáàsì, sítíárìn, iná alẹ́, GPS.

Ọlọ́kọ̀09

Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti wọlé. Ojú ínṣì 9 tó ń gba fóònù ni mo lò, pẹ̀lú wáyà ìsopọ̀ JBL. Ohun mẹ́ta ló kù. Ìró ìsàlẹ̀ orin fẹ́lẹ́ bí ìgbà tí kò sí rárá. FM ń gbé ìkànnì tó súnmọ́ nìkan. Bí ọkọ̀ bá sì dúró di ọjọ́ kejì, bátìrì kì í gbé e mọ́.

Ríwáyà Àgbà

Ìró ìsàlẹ̀: ẹ yí ohùn sí apá òsì nìkan. Bí ìró náà bá padà, tó sì tún sálọ nígbà tí ẹ bá dá a sí àárín, sípíkà kan ti gba wáyà rẹ̀ sódì. Èyí ń wọlé nígbà tí èkejì ń jáde, wọ́n ń pa ara wọn. Ẹ yọ ẹnu wáyà sípíkà kúrò lára áńpù, ẹ fi bátìrì kékeré 1.5 V kan wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ojú sípíkà bá yọ síta, wáyà tó wà lára orí rere bátìrì ni rere. Èyí tó bá wọnú ni ẹ máa yí.

Bátìrì: ẹ wọn ohun tó ń jẹ nígbà tí ọkọ̀ bá sùn. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ sọ mítà sí ipò 10 A, ẹ fi í sáàárín orí òdì bátìrì àti wáyà tó ń wọ ibẹ̀. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà wà níbẹ̀, fíùsì inú mítà á jó. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sùn tán. Kó má ju 50 mA lọ. Bó bá jẹ́ 300 mA, Ah (ìwọ̀n iná inú bátìrì) méje àti díẹ̀ ló ń lọ lóòjọ́. Bátìrì tó ti ń rẹ̀ kò lè rù ú.

Ẹ wá yọ fíùsì ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo mítà. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀ nígbà tí ẹ yọ ti rédíò, ẹ wọn wáyà búlúù onílà funfun nígbà tí rédíò bá wà ní pípa. 12 V kò gbọ́dọ̀ sí lórí rẹ̀. Bó bá wà, áńpù JBL ò sùn. Bí búlúù bá mọ́, ẹ wo pupa: àwọn kan máa ń gba ACC láti ibi tí kì í kú. Bí ti áńpù bá ní fíùsì tirẹ̀, tí nọ́ńbà sì wálẹ̀ níbẹ̀ dípò ti rédíò, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Akówáyàjọ

FM yẹn, ó jọ pé áńtẹ́nà kò rí iná jẹ ni. Áńtẹ́nà tó wà lára gíláàsì ẹ̀yìn máa ń ní áńpù kékeré tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Ibi tí búlúù tí kò nílà ti wúlò nìyí: ẹ wá wáyà áńtẹ́nà lára wáyà ìsopọ̀ yín, ẹ so ó mọ́ ọn, ẹ fi FM sí, kí ẹ wọn bóyá 12 V ń dé ẹ̀yìn. Bó bá dé, tí FM ò sì yí padà, ẹ fa ẹnu áńtẹ́nà jáde lẹ́yìn rédíò kí ẹ tún un tì. Ẹnu Toyota àti ti rédíò tí ẹ rà kì í bára mu láìsí ohun ìsopọ̀ kékeré láàárín wọn, ìyẹn sì máa ń jókòó láìwọlé tán. Ó gbọ́dọ̀ dún kẹ́ kí ẹ tó mọ̀ pé ó wọlé.

Bí àwọn ìkànnì bá sì ń hó nígbà tí ẹ bá fi fóònù sí ẹnu USB tó wà lára ihò sìgá, ẹ yọ ṣájà yẹn kí ẹ gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ṣájà olówó pọ́ọ́kú ló ń da ariwo sórí FM, èèyàn á máa tú rédíò lásán.